Màlúù Tí Wàrà Rẹ̀ Ti Gbẹ

Nínú Katha Upanishad, ọ̀kan nínú ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, bàbá kan ń rúbọ. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ ló yẹ kó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n màlúù gbígbó tí wàrà wọn ti gbẹ ló fà kalẹ̀. Nachiketas, ọmọ rẹ̀, ń wò ó. Ọkàn ọmọ náà ò gbà á. Ó ní, ta wá ni bàbá máa fi òun fún? Ó bi í títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Inú bí bàbá, ó ní Ikú lòun fi í fún.

Ọmọ lọ. Òru mẹ́ta ló lò nílé Ikú láìjẹun kí onílé tó dé, Ikú sì ní kó bèèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, kí inú bàbá òun rọ̀. Èkejì, ètùtù iná. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹni tó kú ṣì wà? Ikú bẹ̀ ẹ́ kó gba erin, wúrà àti ẹ̀mí gígùn dípò ìyẹn. Ó kọ̀. Ẹnu Ikú tó kọ́ ọ ní ètùtù náà ló wá kọ́ ọ ní ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá àgbà mi ní Ọ̀kà ni ìtàn yìí ń rán mi létí. Ẹnu ni wọ́n fi gba Ifá, bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń fi ẹnu gba Véda mímọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, bàbá rán mi lọ ra adìẹ ìbọrí lọ́jà Ìkàrẹ́. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ni mo rà, torí ó dínwó. Mo fi ṣẹ́ńjì jẹ àkàrà ní Àkùngbá.

Bàbá gbé adìẹ náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó wú.

“Ta lo ra èyí fún?”

“Orí yín ni, bàbá.”

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní inú ẹni ni Orí tí à ń bọ wà, ta ni mo wá fẹ́ rẹ́ jẹ? Wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ adìẹ, ó tiro lọ sábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n mú obì aláwẹ́ mẹ́rin àti omi tútù nínú igbá, wọ́n ti ìka bọ omi náà, orí tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn.