Kí Ni À Ń Dúró Dè?

Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà. Àwọn kan náà ló ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èwo ni ká mú lò nígbà tí òkúta inú àpò òróòro bá dá wàhálà sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ lọ há sí ojú ọ̀nà tí omi pancreas ń gbà. Pancreas wú, inú ń ro ó gidigidi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nílé ìwòsàn, ìrora náà lọ. Ṣé kí wọ́n yọ àpò òróòro náà kó tó lọ sílé ni, àbí kó lọ sinmi, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀?

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Netherlands ṣèwádìí èyí lára aláìsàn 266 tí àìsàn náà kò le jù fún. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Láàárín oṣù 6, 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lọ dúró nílé ló kú tàbí tí òkúta tún dá padà sílé ìwòsàn. Nínú àwọn tí kò dúró, 5 péré ni.

Ṣé ìdúró wá burú ni? Rárá o. Bí pancreas bá bàjẹ́ gan-an, tí omi gbá jọ yí i ká, ẹni tó bá kánjú fi abẹ kàn án lè kó kòkòrò àrùn wọ ibẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n dúró kí wíwú náà rọlẹ̀ ná.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí: ẹni tó ń dúró de ara aláìsàn ló ń ṣe sùúrù. Ẹni tó ń dúró de owó, tàbí de àyè nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kò ní ọ̀nà mìíràn ni. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó àpò ara wọn gba ìtọ́jú, "ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù, ó ṣáà ti sàn" sábà máa ń túmọ̀ sí pé owó ò tíì pé.

Ẹnìkan lè ní aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún ẹni tó kù pé àyè ni kò sí, pé ewu wà nínú ìdúró náà, pé kó tètè padà bí inú bá tún ń ro ó. Bí a bá fi orúkọ sùúrù bo àìní mọ́lẹ̀, a ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó bẹ aláìsàn pé kó ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn: kí ni à ń dúró dè?