Kíkó Ènìyàn àti Wíwá Ènìyàn

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń kàwé, pé iṣẹ́ tí ènìyàn bá fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣe dé ọjọ́ alẹ́. Bí olùkọ́ kan bá fi pátákó ìkọ̀wé sílẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún ó lé, tí ó wá ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, a óò yọ ṣùtì sí i. A óò ní kò ro oko, kò kọ́lé, kò wo aláìsàn sàn. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé, ‘Lágbájá dára, ẹ gbà á.’ Alágbàtà lásán! Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ọkàn ọmọlúàbí lè balẹ̀ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé òun kò fi ìyókù ayé òun ṣòfò?

Èmi gbà pé ó lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Òkun ni mí, kò sì yẹ kí ọmọ Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ yára dáhùn irú ìbéèrè yìí. Àwọn baba ńlá wa ti mọ àwọn tí ń to ènìyàn jọ, kí a tó bí wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Tápà láti Bídà jagun wọ ilẹ̀ wa, wọ́n fi ìṣákọ́lẹ̀ lé ìlú lórí, ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ìlú ní láti wá ọmọ tí yóò fi sílẹ̀; ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà nínú oṣù kan náà, kí àjàgà yìí tó já. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ń to ènìyàn jọ ni a lè yìn.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ẹlòmíràn tí òun náà to ènìyàn jọ. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì di ará Sierra Leone. Nígbà tí yóò fi súnmọ́ ẹni 50 ọdún, iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó ènìyàn kan títí ayé: ó ti ṣe àlùfáà ní Abẹ́òkúta, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ṣùgbọ́n ní 1857 a fi iṣẹ́ ìyìn rere ní odò Ọya lé e lọ́wọ́. Ìrìn àjò 1841 ti fi hàn pé ibà kì í jẹ́ kí òyìnbó pẹ́ níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni yóò ṣe é. Láti ìgbà náà lọ, apá ńlá nínú làálàá Crowther ni wíwá àwọn tí yóò lọ, àti mímọ ibi tí ó yẹ kí a fi oníkálukú sí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni James Thomas. Ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá: Ikudon, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Òun náà jẹ́ ẹrú tí a dá sílẹ̀, ó sì ti lò ju ọdún 25 lọ ní Sierra Leone kí ó tó gba iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà. Ní 1858 ó wà ní Gbebe, ìlú ọjà níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ó ń wàásù, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí wọ́n kó o lọ, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó fẹ́. Nígbà tí wọ́n pè é padà, ó lè sọ pé òun kò lọ. Èdè wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. A ń kó ẹrù, a ń kó ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kà sí ènìyàn, à ń wá a, à ń pè é, à ń yàn án. Ẹni tí ń kó ènìyàn, iye ni ó ń wò. Ẹni tí ń wá ènìyàn ní láti mọ orúkọ.

Ohun kejì wà, òun ni ó sì nira jù. Ẹni tí ó bá sọ pé ‘Ẹ gba lágbájá’ ti di onídùúró fún un. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó wá ṣe ìwádìí iṣẹ́ odò Ọya, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ Crowther. Àwọn kan ti ṣe àṣìṣe ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ ni a kò gbọ́ tẹnu wọn. Ó rọrùn fún bàbá tí ó ti lé ní 80 ọdún láti sọ pé òun kò mọ̀ wọ́n rí. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbèjà wọn, ó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ó kú. Ìgbà náà ni a rí i pé kì í ṣe alágbàtà. Alágbàtà gba èrè rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Onídùúró wà níbẹ̀ nígbà tí gbèsè bá dé.

Ẹnìkan lè sọ pé ayé ẹrú ti kọjá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àjọ tí ń bójú tó ìwọlé-wọ̀de ní Nàìjíríà pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí fún ìdánwò. Oníkálukú ti san ₦1,000. Èrò pọ̀ ju àyè lọ. Ní Abuja, Minna, Port Harcourt àti Benin, ènìyàn tẹ ènìyàn pa. Ẹnikẹ́ni kò de ẹnikẹ́ni lókùn níbẹ̀, síbẹ̀ kíkó ni a kó wọn. Iye ni a mọ̀, a kò mọ orúkọ.

Ní ilẹ̀ Òkun, ìdánwò mìíràn tún wà. Láti Ẹkùn Àríwá dé Kwara ní 1967, àti dé Kogi ní 1991, díẹ̀ ni wá níbi gbogbo tí wọ́n pín wa sí. Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú wa bá dé ibi tí a ti ń gba ènìyàn síṣẹ́, a óò ní kí ó rántí ilé. Rírántí ilé dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọmọ àbúrò rẹ̀ tí kò yẹ síbẹ̀, ọmọ Òkun tí yóò tẹ̀lé e ni ó pa lára, nítorí ọ̀rọ̀ onídùúró kò ní ta létí wọn mọ́.

Mo wá rí ìdí tí iṣẹ́ yìí fi yẹ ẹni tí ó ti dàgbà díẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Olùkọ́ tí ó ti fi ogún ọdún wo ojú ọmọ mọ ọ̀lẹ yàtọ̀ sí ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tí iṣẹ́ ti dùn mọ́ rí, tí ó sì ti sú rí, mọ ohun tí òun ń fi ẹlòmíràn sí. Kò sọ ogún ọdún náà nù. Òun gan-an ni ó fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ayọ̀ rẹ̀ kò sí lára ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ó wà lára ẹni tí ó wà níbi tí ó yẹ ẹ́, tí ó ń ṣe dáadáa, bóyá tí kò tilẹ̀ rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ dárúkọ òun.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a óò jáde láìpẹ́, a óò sì máa wá iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún àgbà tí ó bá bi wá léèrè orúkọ wa kí ó tó bi wá ní ìwé ẹ̀rí. Bí ó bá sì kan àwa náà lọ́jọ́ iwájú láti pe ẹlòmíràn, kí a má ṣe dárúkọ ẹni tí a kò lè dúró fún.