Níbo Ni Iṣẹ́ Ẹni Parí Sí? Àròjinlẹ̀ Lórí Ìfì Igi Gọ́ọ̀fù

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n tí ó ti mú mi ronú ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà lọ. Nígbà tí ènìyàn bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, tí bọ́ọ̀lù náà sì ti fò lọ, kí ni ó tún kan igi náà mọ́? Àwọn tí wọ́n ti wọn ìpàdé igi àti bọ́ọ̀lù rí i pé kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 2,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí tipẹ́. Lẹ́yìn èyí, kò sí ohun tí ọwọ́ ẹni lè ṣe tí yóò mú bọ́ọ̀lù yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Síbẹ̀, ekukáká ni a fi lè rí olùkọ́ gọ́ọ̀fù tí kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí ó fì í parí. Nínú méjì, ọ̀kan: yálà àwọn olùkọ́ ń tàn wá jẹ, tàbí ọgbọ́n tí a fi ń pín iṣẹ́ sí ìṣáájú àti ẹ̀yìn ni kò pé.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò tí ì tẹ pápá gọ́ọ̀fù rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe díẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní driver ni ó gùn jù nínú àpò. Òun ni a sábà fi ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níbi tí ọ̀nà bá ti jìn. Ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún yóò gbé e kọjá èjìká ọ̀tún, yóò fà á wálẹ̀, yóò gbá bọ́ọ̀lù, igi yóò sì máa lọ títí yóò fi yí ká èjìká òsì. Gbogbo ìrìn yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni n ó máa pè ní ìfì. Bí ó bá parí dáadáa, ẹsẹ̀ òsì ni yóò gbé ara, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni yóò kan ilẹ̀, ìdodo yóò sì dojú kọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ìfì àṣekù kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ṣì wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, àyà kò yí, ìgbọ̀nwọ́ òsì ká síta bí apá adìẹ, ọwọ́ méjèèjì sì dúró gbagidi níwájú àyà bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Bọ́ọ̀lù irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yà sọ́tùn-ún, kì í sì í jìnnà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé bí èmi náà ṣe ń fì í nìyẹn fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré náà ní Ìbàdàn.

Bí a bá wo àkókò fínnífínní, àṣírí náà yóò tú. Láti òkè èjìká dé ibi bọ́ọ̀lù, nǹkan bí ìdá 1 nínú 4 ìṣẹ́jú-àáyá ni igi ń lò. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí iṣan, kí iṣan tó jẹ́ iṣẹ́ náà, nǹkan bí ìdá 1 nínú 5 ti lọ. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù tán kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu láti dúró, kí igi sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Orí igi náà wọn tó 200 gíráàmù, ó sì ń sáré ju ọkọ̀ orí òpópónà márosẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń sáré bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójijì. Bí ọwọ́ bá wá dúró níwájú àyà, a jẹ́ pé ó ti ń tẹ bíréèkì kí ó tó dé ibi bọ́ọ̀lù. Ẹni tí a rí tí ó dúró lẹ́yìn ti pinnu àtidúró ṣáájú.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eré. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé àtijọ́ kan tí a mọ̀ sí Stoic fi tafàtafà ṣe àpẹẹrẹ ìwà rere. Cicero ará Róòmù sì fi àpẹẹrẹ náà sí Cato lẹ́nu nínú ìwé kan tí ó kọ ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù. Èrò wọn ni pé iṣẹ́ tafàtafà ni kí ó ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ta ọfà náà gúnrégé. Bí ó bá bà á, ó dára. Ṣùgbọ́n bíbà á kọ́ ni òpin iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà yìí tu ọkàn lára, mo sì gbà pé òtítọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Àwa náà ní irú rẹ̀ lẹ́nu: "Mo ti ṣe tèmi." Àmọ́ ohun tí igi gọ́ọ̀fù fi hàn mí ni pé ẹni tí ó bá pààlà iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi tí agbára rẹ̀ parí sí gan-an kì í dé ààlà náà. Ọwọ́ rẹ̀ yóò ti dẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Àwa olùkọ́ èdè kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Mo ti rí olùkọ́ (ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ pé èmi náà wà lára wọn) tí ó fi ọjọ́ ìdánwò ìwé mẹ́wàá ṣe òpin iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá ku oṣù kan, àmì ohùn ti di ohun tí a ń fò, ìbéèrè ọdún tó kọjá ni a ń há sórí. Ọmọ náà yege, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan ṣoṣo kò ṣeé kà fún un láìkọsẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń wo ọjọ́ kan ní ogún ọdún sí i, tí ọmọ yìí yóò ka ìwé fún ọmọ tirẹ̀, kò ní agbára kankan lórí ọjọ́ náà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ lónìí yóò yàtọ̀.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, bí òpin ìfì bá jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán, kí ni àǹfààní kí a máa tún ẹlẹ́rìí ṣe? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ti mú mi rí. Fún oṣù díẹ̀, ohun tí mo ń ṣe ni pé bí mo bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, n ó sáré gbé igi lọ sọ́rùn, n ó sì dúró bí ẹni tí ń ya fọ́tò. Ọmọkùnrin tí ń bá mi gbé àpò igi wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti lọ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ sọ́rùn." Àṣehàn ni mo fi rọ́pò àṣekù. Ní ìdàkejì, Arnold Palmer, ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 2016, kì í parí bí ìwé ṣe wí rárá. Igi rẹ̀ máa ń yí fìrìfìrì lókè orí bí ẹni tí ń lé ẹyẹ lóko. Ó gba ife-ẹ̀yẹ Masters ní 1958, 1960, 1962 àti 1964. Ìrísí òpin rẹ̀ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti tẹ bíréèkì.

Èdè wa ní ohun kan nípamọ́ nípa èyí. "Mo ti ṣe tán" lè túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti parí, ó sì lè túmọ̀ sí pé mo ti wà ní ìmúrasílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé àwọn baba wa ń ro ti gọ́ọ̀fù. Mo kàn rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gba ìmúrasílẹ̀ àti ìparí mọ́ra.

Ìwòsàn tí ọmọkùnrin náà fún mi kò le. Ó ní kí n dorí igi kodò, kí n di ọ̀dọ̀ orí rẹ̀ mú, kí n máa fì í láìsí bọ́ọ̀lù, kí n sì tẹ́tí sí ibi tí yóò ti dún fùú. Ti èmi ń dún nítòsí èjìká ọ̀tún. Ó ní ó gbọ́dọ̀ dún kọjá ibi tí bọ́ọ̀lù ìbá wà. Ó ní kí n di igi mú bí ẹni di ẹyin mú, nítorí alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ó ní kí n ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì síta díẹ̀ kí ìbàdí àgbà lè ríbi yí, kí n sì dúró lórí ẹsẹ̀ náà títí bọ́ọ̀lù yóò fi balẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìfì mi láìsí bọ́ọ̀lù parí gúnrégé. Bí a bá ti gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀, ó tún di àṣekù. Bọ́ọ̀lù kékeré yẹn ni ibi tí wọn yóò ti dá mi lẹ́jọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ó ń tẹ bíréèkì. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n gbàgbé ibi ìdájọ́ náà, kí n fi ojú inú sí ibi tí ara mi yóò dúró sí lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí kì í ṣe kí a máa lépa bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ariwo àti ọrùn wíwọ́, bí a ti máa ń rí i lára àwọn tí wọn kò fẹ́ kí ohun tí ó ti kúrò lọ́wọ́ wọn kúrò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, bọ́ọ̀lù mi fò wọ igbó lápá òsì, níbi tí kò lọ rí. Mo ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ òsì, igi wà lọ́rùn mi. Ọmọkùnrin náà kò wo igbó rárá. Ẹsẹ̀ mi ni ó ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó pé, Bàbá," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni a jọ wọ inú igbó lọ wá bọ́ọ̀lù.