Ìbò Tí Àlejò Sanwó Rẹ̀

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 2006, àwọn ambásádọ̀ ilẹ̀ òkèèrè mélòó kan wà nílé Jean-Pierre Bemba ní Kinshasa, wọ́n wá pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n kéde èsì ìdìbò ààrẹ Kóńgò: Joseph Kabila tó wà lórí oyè ló ṣíwájú, Bemba tẹ̀lé e, kò sì sí ẹni tó rí ìdajì ìbò nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ò tíì wọra tí ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Kabila ló ń yìn ín lu ilé náà. Àwọn àlejò pàtàkì wá ibi forí pamọ́ sí, wọn ò sì rí ọ̀nà jáde títí àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti Yúróòpù fi wá kó wọn.

Ìjọba àwọn tó forí pamọ́ yìí wà lára àwọn tó sanwó ìbò ọ̀hún.

Kò sí bí wọn ò ṣe ní í san án. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 ti jẹ orílẹ̀-èdè náà run kó tó rọlẹ̀ ní 2003. Ọ̀nà ti bàjẹ́, àpò ìjọba gbẹ, ó sì ti tó ogójì ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti rí ìdìbò tí ẹgbẹ́ púpọ̀ ti figagbága. Owó tí ètò náà gbà lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là, òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti wá, pàápàá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 25. Èèyàn 33 ló ń du ipò ààrẹ, àwọn tó sì ń du àga 500 nílé aṣòfin lé ní 9,000. South Africa ni wọ́n ti tẹ ìwé ìdìbò. Ọkọ̀ òfuurufú gbé e, ọkọ̀ ojú omi gbé e, níbi tí méjèèjì ò lè dé, orí ọmọ èèyàn gbé e. Ní Kinshasa, ìwé náà fẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Olùdìbò á ṣí i, á tún ṣí i, á máa wá fọ́tò ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú.

Káàdì olùdìbò ló wá ṣe pàtàkì sí ọ̀pọ̀ wọn ju ìbò gan-an lọ. Kò sí káàdì ìdánimọ̀ mìíràn nílùú, òun ni wọ́n fi ń fi ara wọn han sọ́jà lójú ọ̀nà.

Ta ló wá ni irú ìbò báyìí? Ẹni tó tẹ̀ka ni àbí ẹni tó ra yíǹkì?

Yorùbá ní òkè lọwọ́ afúnni ń wà. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Kristẹni náà mọ ewu ọwọ́ tó wà lókè yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀sìn méjèèjì fi ń yin sàráà tí wọ́n ṣe ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ìjọba ṣe máa fúnni ní kọ̀rọ̀? Owó orí ará Jámánì àti ará Bẹ́ljíọ̀mù ni, ó sì yẹ kí àwọn náà mọ ibi tó wọlé sí. Bí ìbò kan ṣe di ohun tí wọ́n ń jíhìn rẹ̀ sí ọ̀nà méjì nìyẹn, ẹni tó wà lókèèrè ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè rísíìtì.

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó yáwó ìgbéyàwó tàbí owó ìsìnkú lè di ìwọ̀fà, kó máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Ìyà ni, àmọ́ ìyà tó lópin ni: ọjọ́ tó bá san owó pé, ó di ẹni ara rẹ̀. Ẹ̀bùn ò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Marcel Mauss, ará Faransé tó kọ̀wé lórí ẹ̀bùn ní 1925, sọ pé ẹ̀bùn tí a ò lè san padà a máa rẹ ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bóyá gbèsè ì bá tiẹ̀ yẹ Kóńgò jù.

Àwọn tó ń bínú sí owó àlejò sábà máa ń ní àlejò ló yan Kabila tó padà wọlé. Ẹ̀sùn yẹn rọrùn jù. Ohun tó ṣeé tọ́ka sí ni ìbò tí wọn ò dì. Òfin ìpìlẹ̀ Kóńgò ṣètò ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú á dìbò yàn, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yan ààrẹ àti aṣòfin tán, owó àti ìtara àwọn olùrànlọ́wọ́ dínkù, àwọn aláṣẹ Kinshasa náà ò sì kánjú. Ó di 2023 kí wọ́n tó dìbò kánsẹ́lọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ló kàn.

Ní 2018, Kabila yí i padà. Ó ní Kóńgò á sanwó ìbò ara rẹ̀, ìjọba ò sì gba ìrànlọ́wọ́ ọkọ̀ òfuurufú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Létí, ọ̀rọ̀ ọmọ ọkọ ni. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìdìbò tó lé ní 100,000 láti South Korea, àwọn aráàlú sì fi èdè Faransé ṣeré sí i: ẹ̀rọ ìdìbò di ẹ̀rọ ìjíbò. Ní oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò, iná jó ilé ìkẹ́rùsí àjọ elétò ìdìbò ní Kinshasa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ sì jóná. Wọ́n kéde pé Félix Tshisekedi ló wọlé. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, tí wọ́n ti rán nǹkan bí 40,000 alámòójútó jáde, ní èsì náà ò bá èyí tí àwọn kó jọ mu. Àjọ elétò ìdìbò ò gbé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan jáde kí ayé rí i. Ní oṣù Kẹta 2019, Amẹ́ríkà fìyà jẹ alága rẹ̀, Corneille Nangaa, lórí ẹ̀sùn pé ó kówó ìdìbò jẹ.

Owó ilé nìyẹn o. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tiẹ̀ sí àlejò tó máa béèrè rísíìtì, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fún onílé ní àǹfààní láti béèrè. Ẹni tí wọ́n ń jíhìn fún ló ni ìbò, ì báà jẹ́ ta ló sanwó, aráàlú Kóńgò ò sì tíì rí ìjíhìn náà gbà nínú ìbò méjèèjì.

Àlùfáà Kátólíìkì ni Apollinaire Malu Malu tó darí ìdìbò 2006, ọmọ díọ́sísì Butembo-Beni. Agbègbè yẹn gan-an ni wọ́n yọ kúrò nínú ìdìbò 2018, wọ́n ní Ebola àti ìpániláyà ló fà á. Àwọn ará Beni ò gbà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, tí àwọn yòókù ń dìbò, àwọn náà ṣètò tiwọn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tò sórí ìlà, oníkálukú ń fọwọ́ nítorí Ebola kó tó dìbò. Ó di oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e kí ìdìbò ìjọba tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti búra fún ààrẹ láti oṣù Kìn-ín-ní. Ti ilé aṣòfin ló kù.