Èéfín Ààrò àti Èéfín Ilé-Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ilé ìdáná. Wọ́n ń sọ ọ́ kárí ayé pé èéfín ti pọ̀ jù ní òfurufú, pé ayé ń gbóná, àti pé kí olúkúlùkù orílẹ̀-èdè fi epo àti èédú sílẹ̀, kí ó bọ́ sí iná tí kì í rú èéfín. Òótọ́ ni. Ohun tí àwa ń béèrè ni pé, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?

Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pátá, èéfín epo àti èédú tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde lọ́dún kò ju nǹkan bí ìpín 4 nínú 100 ti ayé lọ. Àwọn tí ó ti ń jo èédú fún igba ọdún ni wọ́n fi kó ọrọ̀ jọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níbí. Àwọn kan máa ń sọ pé níwọ̀n bí kì í ti í ṣe àwa ni a ba ayé jẹ́, kí wọ́n fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú igi ìdáná wa. Àwọn wo ni “wa” yẹn? Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń yan gààrí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Èéfín yìí a máa gba inú ẹ̀dọ̀fóóró wa kọjá kí ó tó dé òfurufú.

Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ìtura ni gáàsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni òun náà ti wá bí epo. Ní Glasgow ní 2021, orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, tí Jámánì wà nínú wọn, ṣèlérí pé àwọn kò ní ná owó ìjọba mọ́ sórí iṣẹ́ epo àti gáàsì nílẹ̀ òkèèrè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà ti fún wọn lọ́rùn, Olaf Scholz, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, wá sí Sẹ̀nẹ̀gàl wá sọ̀rọ̀ gáàsì. A kò bú wọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá jẹ́ ìdí tó tọ́ fún tiwọn, kí ló dé tí ojú pípọ́n ìyá alákàrà kò fi ní jẹ́ ìdí fún tiwa?

Ní Íńdíà, láti 2016, ìjọba so gáàsì fún àwọn obìnrin aláìní láìgba owó ìsopọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì dé ilé mílíọ̀nù 80 ní 2019. Iṣẹ́ ńlá ni. Nígbà tí sílíńdà gbẹ tán, owó àtirọ òmíràn kò sí, ọ̀pọ̀ wọn sì tún padà sídìí igi. Nítorí náà, ní èrò tiwa, sílíńdà kejì ni ó yẹ kí a fi wọn òdodo ìjọba, nítorí ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń bá wa ya fọ́tò.

Nílé níbí ńkọ́? Iná mànàmáná ni wọ́n ní kí á fi rọ́pò jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, owó àwọn tí wọ́n pè ní Band A fò láti náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan. Opó tó háyà yàrá kan ní àdúgbò bẹ́ẹ̀, iye yẹn náà ni wọ́n bù lé e bí ti aládùúgbò rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin.

Ọdún 2060 ni Nàìjíríà dá pé èéfín òun yóò wálẹ̀ pátápátá. Ọmọ tí a ń pọ̀n lónìí yóò ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń béèrè iye tí gáàsì yóò jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.