Ọ̀rọ̀ Ara Ògiri

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí ọ̀rọ̀ ìwà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwà ni ní tòótọ́: èyí ni ohun tí a ń kọ sí ara ògiri ìlú, àti ojú tí àlejò fi ń wò ó. Inú ilé jẹ́ ti onílé, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọjá lọ ni ó ni ìta ògiri rẹ̀. Onílé lè gbé ilé rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láì bojú wo ẹ̀yìn ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì; èrò ọ̀nà ni ó ń kà á ní àkàtúnkà.

Ẹ wo ìlú wa Ẹdẹ yìí. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn àlejò a máa ti Èkó àti òkè òkun wá, nítorí pé láti ọdún 2005 ni àjọ UNESCO ti fi orúkọ igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń gba Gbọ̀ngán àti Akọ́dà wá, tí wọ́n sì ń la Ẹdẹ kọjá. Wọn kì í dúró. Wọn kò rí ààfin Tìmì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ̀ pé Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, jẹ́ ọba tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún tí ayé sì gbọ́. Ohun tí wọ́n rí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni ògiri. Ìwé kan ṣoṣo tí Ẹdẹ fún wọn kà nìyẹn.

Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Wọn a kà á pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lẹ ìwé mọ́ ibẹ̀, a ó sì ti lẹ ìwé mẹ́wàá bo ìkìlọ̀ náà gan-an. Wọn a kà á pé kí a má ṣe tọ̀ síbẹ̀. Imú wọn a sì sọ fún wọn bóyá àwọn ènìyàn gbọ́ràn. Wọn a rí pósítà àwọn olùdíje tí ìdìbò wọn ti di ìtàn, tí òjò ti bó ojú kan lára wọn, tí ojú kejì ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ya àlejò lẹ́nu jù lọ, láti Èkó dé Ìbàdàn títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ni èyí tí a fi ọ̀dà kọ gàdàgbà gadagba: pé ilé yìí kì í ṣe fún títà. Ní ìlú tiwọn, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé ni í kọ ọ́ síta. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò fẹ́ tà á ni.

Kí ni àlejò yóò rò? Yóò rò pé àárín olè ni òun wà. Kò ṣì í pátápátá, nítorí àwọn oníjìbìtì wà tí wọ́n máa ń mú oníbàárà lọ wo ilé onílé nígbà tí onílé kò sí nítòsí, tí wọn a sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́ ilé ẹbí. Baba kú, ó fi ọmọ méje sílẹ̀ láti ọwọ́ ìyá mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, tí gbèsè ti dé sí gbaga, fẹ́ ta ilé náà ní kọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù ni wọ́n lọ ra ọ̀dà. Nítorí náà kì í ṣe olè nìkan ni ògiri náà ń bá wí. Ó ń bá ọmọ ilé wí pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ti irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri ti lanu tán, ọ̀dà ni wọ́n fi ń dí i. Àlejò tí ọkọ̀ gbé kọjá fìrì kò lè mọ èyí, nítorí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe kánjú dá àlejò lẹ́bi, nítorí ohun kan náà lè fi ojú méjì han ẹni méjì. Ní ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ a máa yọ́ wọ ibi tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń sùn sí lóru, wọn a sì fi ọ̀dà inú agolo tí ń tú jáde bí ìrì kọ orúkọ ìnagijẹ wọn sí ara ọkọ̀, inú àti òde, títí fèrèsé kò fi ní ṣeé gbà wòta. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wọ ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kórìíra rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀dà gún ẹnikẹ́ni lọ́bẹ. Èrò wọn ni pé bí àwọn alákòóso kò bá lè ṣọ́ ara ọkọ̀, wọn kò lè ṣọ́ èrò inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà àwọn mìíràn ń ya fọ́tò àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí bí ẹni rí ìṣúra. Ní ọdún 1984, Martha Cooper àti Henry Chalfant fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe odindi ìwé. Ní ọdún 1984 yẹn kan náà ni àwọn alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òfin wọn sì ni pé èyí tí a bá ti fọ̀, tí a bá tún kọ nǹkan sí, kò gbọdọ̀ ru èrò títí a ó fi tún un fọ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1989 ni wọ́n mú èyí tí ó kẹ́yìn kúrò lójú irin. Ta ni ó rí òtítọ́, ẹni tí ń ya fọ́tò ni tàbí ẹni tí àyà ń fò? Lójú tèmi, ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kò ṣòro fún un láti pe ìdọ̀tí ẹlòmíràn ní ẹwà. N kò sọ pé kò sí ẹwà níbẹ̀ o. Àwọn ọmọ náà mọ ọ̀dà í lò. Ara ọkọ̀ ni kì í ṣe tiwọn.

Lọ́dọ̀ wa, onímọ́tò a máa kọ ọ̀rọ̀ sí ara mọ́tò rẹ̀: àdúrà, òwe, àti èébú díẹ̀ fún ọ̀tá tí kò dárúkọ. Inú kò bí ẹnikẹ́ni, àlejò pàápàá a máa fẹ́ràn rẹ̀. Mọ́tò tirẹ̀ ni. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, wọn a fi oríṣiríṣi àwọ̀ ya àwòrán sí i, nígbà tí ó bá sì tún yí po, wọn a kun tuntun lé ti àná lórí. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìkọkúkọ, nítorí pé ìlú mọ ọwọ́ tí ó kùn ún, ọwọ́ náà a sì padà wá tún un ṣe. Ẹ fi èyí wé olùdíje tí ó rán ọmọ iṣẹ́ lóru kí ó lọ lẹ ojú òun mọ́ ògiri opó, tí kò sì ní rán ẹnikẹ́ni wá ya á kúrò nígbà tí ó bá wọlé tàbí nígbà tí ó bá fìdí rẹmi.

Ní báyìí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé ń dùn mí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, tí n kò ní í dárúkọ, ẹnì kan fi èédú kọ orúkọ ọmọbìnrin kan sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀; ó ní olè ni, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn tí n kò lè kọ síhìn-ín kún un. Kí agogo àárọ̀ tó lù, gbogbo ilé-ìwé ti kà á. A fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, èédú náà sì tàn ká ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a fi ẹfun kùn ún kí ó tó pòórá. Ògiri mọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ kò mọ́. Bí ọmọ náà bá wọ kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a fa àpò wọn mọ́ra. Baba rẹ̀, àgbẹ̀ ni, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, bí ènìyàn bá bú ọmọ mi lójú ọjà, mo mọ ilé tí n ó lọ. Ta ni kí n lọ bá nísinsìnyí? Ṣé ògiri ni?” A wádìí títí, a kò rí ẹni tí ó ṣe é. Kí sáà náà tó parí, ọmọ náà ti lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn.

Ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ lójú ẹni ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún èsì. Ẹni tí ó kọ ọ́ sí ògiri lóru ti gba ẹ̀tọ́ ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn. Ó sì ṣeé ṣe kí ó kí ọmọ náà pé ẹ kú àárọ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. (Ògiri mìíràn tún wà lónìí lórí fóònù tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń mú kiri. Èyí ni pé òjò kì í bó ti ibẹ̀.)

Ẹnì kan nínú yín lè bi mí pé, ǹjẹ́ gbogbo ẹni tí ó fi orúkọ pamọ́ ni ojo? Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kejì ọdún 1943, nígbà tí Hitler ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ Jámánì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ìlú Munich, Hans Scholl, Alexander Schmorell àti Willi Graf, jáde lóru, wọ́n fi ọ̀dà kọ “Òmìnira” sí ara ògiri yunifásítì wọn, wọ́n sì kọ ọ́ káàkiri pé kí Hitler ṣubú. Wọn kò fi orúkọ sí i. Kí oṣù náà tó parí, a ti bẹ́ Hans Scholl lórí, pẹ̀lú Sophie àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọ̀rẹ́ wọn Christoph Probst. A pa Schmorell àti Graf náà kí ọdún tó yí. Àwọn wọ̀nyí fi òkùnkùn bo ara, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú èédú lọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ṣe. Kí ni ìyàtọ̀? Àwọn ti Munich ń fi ara pamọ́ fún alágbára tí kò gbà kí a bá òun sọ̀rọ̀ lójú. Oníèédú ń fi ara pamọ́ fún ọmọdé tí kò ní agbára kankan. Nígbà tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ lára ògiri, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ẹni tí ó kọ ọ́ ń sá fún.

Nítorí èyí ni n kì í fi í yára yin ìlú tí ògiri rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ògiri tí ó pín Berlin sí méjì láti ọdún 1961 títí di ọdún 1989, ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ kún fún ìkọkúkọ àti àwòrán, àwọn arìnrìn-àjò a sì máa wá wò ó. Ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ mọ́ láìsí àbàwọ́n, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ lè yìnbọn lu ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Àlejò tí kò mọ ìtàn náà ì bá yin ìhà tí ó mọ́.

Àlejò fúnra rẹ̀ a máa kọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ ṣe fàájì ní Róòmù fi kọ́kọ́rọ́ ha orúkọ ara rẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ sí ara Colosseum, ilé ìṣeré ayé àtijọ́ tí ó ti wà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ẹlòmíràn ya fídíò rẹ̀, ayé gbọ́. Nígbà tí ó kọ̀wé tọrọ àforíjì, ó ní òun kò mọ̀ pé ilé náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ àwáwí! Bí ó bá jẹ́ ilé tí a kọ́ ní àná ńkọ́? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó ti ń fi ọ̀bẹ ha orúkọ sí ara tábìlì ilé-ìwé wa yóò mú ọwọ́ náà dé Róòmù bí ó bá rí owó ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé kan yóò rán mi létí Pompeii, ìlú Ítálì tí òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, níbi tí wọ́n ti hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ara ògiri jáde: ìpolongo ìbò, ìkíni, ìfẹ́, èébú. Òótọ́ ni, iyebíye ni wọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí òkè oníná ní Ẹdẹ, n kò sì lè dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì kí n tó mọ̀ bóyá pósítà ẹ̀gbẹ́ ilé mi yóò di ìṣúra.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ ní Dákà, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà. Ní nǹkan bí ọdún 1989 sí 1990, ìdọ̀tí kún àwọn àdúgbò ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ti dúró de ìjọba títí ó fi sú wọn. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Set Setal, nítorí pé “set” ní èdè Wolof ni kí nǹkan mọ́. Wọ́n gbá òpópónà, wọ́n kó ẹ̀gbin inú gọ́tà. Wọ́n sì ya àwòrán sí ara ògiri àdúgbò tiwọn: àwòrán Amadou Bamba aṣáájú ẹ̀sìn, ti àwọn akọni ilẹ̀ adúláwọ̀, àti àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní ìtọ́jú ara. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ mìíràn wá wò ó, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán ìgbà náà ni òjò àti oòrùn ti pa rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì ń ya tuntun sí ara ògiri Dákà títí di òní.