Bí Lámèyítọ́ Bá Ní Kò Dára, Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Ó Dùn Mọ́ Wa?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Ọba tí ó dá ẹnu fún ẹ̀dá, tí kò sì mú kí ohun kan náà dùn lẹ́nu gbogbo wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò. Ní Ọjà-Ọba wa níhìn-ín ní Ìlọrin, tí ààfin Ẹ́míà àti mọ́sálásí ńlá wà nítòsí rẹ̀, a máa ń bá àwọn ọmọ wa nídìí géèmù bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀kan bá ní èyí ni òun fẹ́ràn, èkejì a ní, "Èyí tí gbogbo ayé ti ní kò dára?" Ojú a sì ti ẹni àkọ́kọ́. Ìbéèrè wa nìyí: bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ bá ní nǹkan kò dára, ṣé ó burú kí ó dùn mọ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japan ni ó ṣe PES, géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà fẹ́ràn púpọ̀. Ní 2021, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí eFootball. Nígbà tí ó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù September ọdún náà, àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú: ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ rí wúruwùru, ìrìn wọn kò já gaara, ohun tí a lè ṣe nínú rẹ̀ sì kéré. Konami fúnra wọn tọrọ àforíjì, àtúnṣe ńlá kò sì dé títí di April 2022. Síbẹ̀, àwọn kan kò fi í sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì wà níbẹ̀. Lámèyítọ́ kò purọ́, ẹni tí ó gbádùn rẹ̀ náà kò purọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan ní àbùkù, ọ̀tọ̀ ni kí inú ẹni dùn sí i.

A rí i nínú Hádíìsì Bukhari àti Muslim pé wọ́n gbé ẹran alángbá aṣálẹ̀ síwájú Ànábì, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Khalid ọmọ Walid bi í bóyá hàrámù ni. Ó ní rárá, kò sí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ọkàn òun kò sì fẹ́ ẹ. Khalid fà á sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́, Ànábì sì ń wò ó. Ẹ wo ẹ̀kọ́ ńlá! Ànábì kò sọ ohun tí kò wù ú di òfin fún Khalid. Khalid náà kò sì díbọ́n pé òun kò fẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ẹni tí ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí géèmù tí agbára fóònù rẹ̀ mọ, kí ó rántí pé Súrátul-Hujuráàtì kọ yẹ̀yẹ́ fún wa. Ẹni tí ó sì ń bú ohun tí ó ń gbádùn ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n lè pè é ní ọ̀làjú, ṣekárími ni ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bojú o. Lámèyítọ́ kò lè sọ hàláàlì di hàrámù, kò sì lè sọ hàrámù di hàláàlì. Wọ́n yin FIFA 18, tí ilé-iṣẹ́ EA ti Amẹ́ríkà ṣe. Síbẹ̀, ní April 2018, àjọ tí ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium ní tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó sanwó kò mọ agbábọ́ọ̀lù tí yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ní January 2019, EA kéde pé àwọn yóò dáwọ́ títà bẹ́ẹ̀ dúró níbẹ̀. eFootball náà ní irú rẹ̀, kí a ṣọ́ra. Àbùkù ojú agbábọ́ọ̀lù kò pa ẹnikẹ́ni lára. Tẹ́tẹ́ ni ó ń ba ọmọ jẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró lórí pé géèmù náà dára tàbí kò dára. Ẹ bi ọmọ yín pé: Èló ni o ná sí i? Ṣé ẹ kò fi owó lé e? Kí ni ó ń fi hàn ọ́? Ìrun Alásàárì ńkọ́? Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbá a níwọ̀n, bí ayé tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí wọn kò bá mọ́, ìyìn gbogbo ayé kò lè gbè é lọ́jọ́ ìṣirò.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá. Àmín.